“Copy-on-write”: kí ni wọ́n ń dà kọ gan-an?

Àbúrò kan fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ń kà nípa XFS, filesystem kan (ètò tó ń to fáìlì sórí dísìkì) lórí Linux, mo sì rí i pé àwọn tó ń kọ ọ́ ń sọ̀rọ̀ nípa mímú kí wíwá búlọ́ọ̀kù fún copy-on-write rọrùn. Mo mọ copy, mo mọ write, àpapọ̀ wọn ni kò yé mi. Ṣé gbogbo ìgbà tí mo bá kọ nǹkan ni kọ̀ǹpútà ń da fáìlì mi kọ ni? Ṣé a sì ní ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a lè fi pè é?”

Rárá o, àbúrò, kò da fáìlì rẹ kọ. Orúkọ yẹn ló ṣì ọ́ lọ́nà, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ti ṣì lọ́nà ṣáájú rẹ.

Wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Bí tíṣà bá kọ nǹkan sójú pátákó, tí àwọn ọmọ kíláàsì dà á kọ sínú ìwé wọn, àdàkọ nìyẹn. Kò sí ọmọ tó ń dúró dìgbà tí wọ́n bá fẹ́ pa ojú pátákó rẹ́ kó tó dà á kọ. Copy-on-write yàtọ̀ sí èyí. Ohun tó ń sọ ni pé: ẹ má tíì dà á kọ. Ẹ jọ máa ka ẹyọ kan ṣoṣo náà. Ọjọ́ tí ẹnìkan bá fẹ́ yí nǹkan padà nínú rẹ̀ la ó tó ya tirẹ̀ sọ́tọ̀, ìwọ̀n ibi tó fẹ́ yí nìkan la ó sì yà.

Inú Unix ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́kọ́ bá a pàdé. Bí ètò kan bá fi fork (àṣẹ tí ètò fi ń bí ètò mìíràn) bí ọmọ, kernel, ìyẹn ìpìlẹ̀ ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, kì í da gbogbo mẹ́mọ́rì òbí kọ fún ọmọ. Àwọn méjèèjì á jọ máa ka ojú ewé kan náà (4 KiB ni ojú ewé kọ̀ọ̀kan lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí à ń lò), títí ọ̀kan nínú wọn yóò fi fẹ́ kọ nǹkan síbẹ̀. Ìgbà yẹn ni kernel á da ojú ewé yẹn kọ fún un. Níbẹ̀, dídàkọ ni lóòótọ́.

Nígbà tí orúkọ náà dé ọ̀dọ̀ filesystem, iṣẹ́ yí padà, orúkọ kò yí. Bí o bá ń kọ odindi búlọ́ọ̀kù 4 KiB (búlọ́ọ̀kù ni ẹyọ àyè tí filesystem ń pín dísìkì sí), kí ni filesystem fẹ́ fi èyí àtijọ́ ṣe? Ọ̀rọ̀ tuntun ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Á wá àyè síbòmíràn, á kọ tuntun síbẹ̀, á wá yí atọ́ka kúrò lára àtijọ́. Àfi tó bá jẹ́ díẹ̀ nínú búlọ́ọ̀kù lo fẹ́ yí ni yóò kọ́kọ́ ka àtijọ́ wá sínú mẹ́mọ́rì, kí ìyókù má baà sọnù. Snapshot ti àtijọ́ nínú LVM (ètò tó ń pín dísìkì lórí Linux; snapshot ni àwòrán bí dísìkì ṣe rí nígbà kan) ló ń dà kọ ní tòótọ́: kó tó jẹ́ kí o tẹ ọ̀rọ̀ tuntun lé àtijọ́ lórí, á kọ́kọ́ gbé àtijọ́ lọ pamọ́ síbi snapshot. Ìkọ̀wé kan á di méjì, dísìkì á sì máa wọ́ ẹsẹ̀.

Ilé ẹbí ni mo máa ń fi ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tí mo ń kọ́. Bàbá kú, ó fi ilé sílẹ̀, ọmọ mẹ́ta jogún rẹ̀. Ohun àjọni ni. Kò sí èyí tó lè dá lọ wó ògiri pálọ̀ torí pé òun fẹ́ fẹ̀ ẹ́, torí pálọ̀ yẹn náà làwọn yòókù ń jókòó sí. Ẹni tó bá fẹ́ ìyípadà á lọ kọ́ yàrá tirẹ̀ síbòmíràn, ìgbà tó bá sì ti ní òrùlé ni yóò tó kó ẹrù lọ. Pálọ̀ àtijọ́ wà bó ṣe wà. Bó bá wá ku ẹnìkan ṣoṣo tó ní ìpín níbẹ̀, kì í ṣe àjọni mọ́ nìyẹn, ó lè tún un ṣe bó ṣe wù ú.

Gẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ ni XFS ń ṣe. SGI, ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan, ló kọ́kọ́ ṣe é fún IRIX, Unix tirẹ̀, láyé ijọ́un, àṣà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ sì ni pé bí o bá tún fáìlì kọ, ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ló máa kọ ọ́ sí. Linux 4.9, ní December 2016, ni reflink tó wọ inú rẹ̀, iṣẹ́ tí Darrick Wong ṣe jù níbẹ̀. Reflink ló mú kí fáìlì méjì lè jọ ní búlọ́ọ̀kù kan náà, òun ló sì sọ copy-on-write di dandan fún XFS. Láti xfsprogs 5.1 (àkójọ irinṣẹ́ XFS), ní 2019, mkfs.xfs, irinṣẹ́ tó ń dá XFS tuntun, ti ń tan reflink fúnra rẹ̀, kò dúró de kí o sọ fún un.

Dán an wò lórí XFS tìrẹ. Mú fáìlì ńlá kan, ká ní 20 GB, pè é ní A.img, kí o wá tẹ èyí:

cp --reflink=always A.img B.img

Kí o tó ṣẹ́jú, ó ti parí. Fi df wò ó, àyè tó kù kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Wá tẹ filefrag -v B.img, tó ń fi ibi tí fáìlì wà lórí dísìkì hàn, wàá rí “shared” ní ìparí àwọn ìlà: àjọni nìyẹn. Wàyí o, kọ búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo sínú B:

dd if=/dev/urandom of=B.img bs=4k count=1 seek=1000 conv=notrunc

Tẹ sync, kí o tún wo filefrag. Búlọ́ọ̀kù 1000 ti yapa láàárín àwọn yòókù, ojú ibòmíràn ló wà lórí dísìkì, “shared” sì ti kúrò ní ìparí ìlà rẹ̀. Wo A náà, má fojú fo ìyẹn: búlọ́ọ̀kù 1000 tirẹ̀ kò kúrò níbi tó wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe àjọni mọ́. Bí o bá tún un kọ lónìí, ojú ibẹ̀ náà ni XFS máa kọ ọ́ sí, torí igi refcount tó ń ṣírò iye ẹni tó ní búlọ́ọ̀kù kò ka ìyẹn mọ́ àjọni mọ́.

Ó kan ìbéèrè rẹ nípa wíwá búlọ́ọ̀kù wàyí, ibẹ̀ sì ni gbogbo ìṣòro wà. Yíyí atọ́ka kò le. Bíbéèrè àyè ló le: ta ló ń béèrè, ìgbà wo, kọ́kọ́rọ́ wo (lock, tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan nǹkan náà) ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ń béèrè.

Gbogbo fáìlì ní XFS ló ní ìwé tó ń sọ pé búlọ́ọ̀kù báyìí wà níbi báyìí lórí dísìkì. Data fork ni wọ́n ń pè é (kì í ṣe fork ti Unix tí mo sọ lókè). Bí fáìlì bá ní àjọni, XFS á ṣí ìwé kejì fún un nínú mẹ́mọ́rì, CoW fork (CoW ni ìkékúrú copy-on-write). Ilẹ̀ tí à ń kọ́lé sí lọ́wọ́ ló wà nínú ìwé kejì yìí, ilé tí a ti kó wọ̀ ló wà nínú ti àkọ́kọ́.

Nígbà tí ètò rẹ bá pe write lásán, XFS kì í wá búlọ́ọ̀kù gidi lójú ẹsẹ̀. Á ya iye tó máa ná an sọ́tọ̀ nínú àyè tó ṣófo, á kọ ọ́ sínú CoW fork pé ìpamọ́ ni, kò tíì mọ ojú ibi tó máa bọ́ sí. Ìgbà tí kernel bá wá ń da ọ̀rọ̀ láti mẹ́mọ́rì sórí dísìkì ni yóò tó sọ ìpamọ́ yẹn di búlọ́ọ̀kù gidi. Lára ìdí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé o lè tún ojú kan náà kọ lẹ́ẹ̀mẹwàá kí ó tó délẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò sì wá àyè. Ìdí kejì ni pé kó lè wá àyè tó fẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: tí o kò bá yí i padà, búlọ́ọ̀kù 32, ìyẹn 128 KiB, ni ìwọ̀n tó ń fi bu àyè, kí àwọn ìkọ̀wé tó múlé ti ara wọn lè bọ́ sójú kan, kí fáìlì má fọ́n káàkiri dísìkì.

Ìdí kẹta ni mo fẹ́ràn jù. Bí dísìkì bá ti kún, títún búlọ́ọ̀kù àjọni kọ lè kùnà, kódà bí fáìlì rẹ kò bá fi ẹyọ byte kan gùn sí i, torí ilẹ̀ tuntun ló fẹ́ kọ́lé sí. Ó ti ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n nítorí pé ìpamọ́ yẹn ti ṣẹlẹ̀ nígbà tí ètò rẹ pe write, ojú ẹsẹ̀ ni yóò gbọ́ pé àyè ti tán, nígbà tó ṣì lè ṣe nǹkan sí i. Ká ní ìgbà tí ọ̀rọ̀ ń lọ sórí dísìkì ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀, ètò rẹ ti lọ, kò sẹ́ni tí a ó sọ fún. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Direct I/O, èyí tí àwọn database ń lò, kò ní ìsinmi yẹn. Ọ̀rọ̀ ń lọ sórí dísìkì tààrà, búlọ́ọ̀kù gidi ló sì gbọ́dọ̀ rí lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ń kọ̀wé á ti inode (àkọsílẹ̀ tí XFS ní nípa fáìlì náà) pa, á wo CoW fork. Ó lè bá búlọ́ọ̀kù gidi níbẹ̀, kó lò ó. Ó lè bá ìpamọ́ tí write lásán kan ti fi sílẹ̀, kó sọ ọ́ di gidi. Ó sì lè bá òfìfo, kó wá àyè láti ìbẹ̀rẹ̀.

Wíwá àyè yẹn ló ń lọ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Kò lè yí ohunkóhun láìkọ́kọ́ gba àyè nínú log (ìwé tí XFS ń kọ àyípadà sí ṣáájú), ó sì lè di pé kó dúró de log. Bó bá dúró tòun ti kọ́kọ́rọ́ inode lọ́wọ́, ẹni tó yẹ kó tú àyè sílẹ̀ nínú log lè wà níbì kan tó ń dúró de kọ́kọ́rọ́ yẹn gan-an, kò sì sí èyí tó máa tẹ̀síwájú mọ́ nínú wọn. Nítorí náà, á ṣí inode, á gba àyè nínú log, á tún inode tì, á sì tún CoW fork wò. Má rò pé àtúnwò yẹn pọ̀jù o. Láàárín ìgbà tó ṣí i àti ìgbà tó tún tì í, ẹlòmíràn lè ti wá àyè náà, àjọni sì lè ti tán.

Bí o bá da gbogbo ipò yìí pọ̀ sínú function kan, “bí èyí bá rí báyìí” á pọ̀ níbẹ̀ débi pé ẹni tó ń kà á kò ní mọ ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ àti ìgbà tí kò sí. Mímú un rọrùn túmọ̀ sí pé kí ipò kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀. Nínú kóòdù XFS òde òní, xfs_reflink_allocate_cow ni ẹnu ọ̀nà. Bí búlọ́ọ̀kù gidi bá wà, ó tán nìyẹn. Bó bá jẹ́ òfìfo, xfs_reflink_fill_cow_hole ló ni iṣẹ́. Bó bá jẹ́ ìpamọ́, ti xfs_reflink_fill_delalloc ni. Iṣẹ́ kò dínkù, ṣùgbọ́n bí àṣìṣe bá wọ ibẹ̀, ojú lásán lo fi máa rí i.

Tí ọ̀rọ̀ bá ti délẹ̀ sórí dísìkì tán, XFS á yọ àtijọ́ kúrò nínú data fork, á gbé tuntun láti CoW fork bọ́ sípò rẹ̀. Bí iná bá lọ kí èyí tó ṣẹlẹ̀, data fork ṣì ń tọ́ka sí àtijọ́, kò sóhun tó ṣe é. Ilẹ̀ tí à ń kọ́lé sí kò sì ní di ilẹ̀ tí kò ní ẹni tó ni ín, torí XFS ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú igi refcount, á sì dá a padà nígbà tí o bá tún gbé filesystem náà dìde.

Btrfs àti ZFS, filesystem mìíràn, lọ jìnnà ju èyí: níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ìkọ̀wé ló ń lọ síbòmíràn, àjọni tàbí àìjọni. WAFL, filesystem ti ilé-iṣẹ́ NetApp, ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí àwọn méjèèjì tó dáyé, orúkọ rẹ̀ ló sì sọ òtítọ́ jù nínú gbogbo wọn: Write Anywhere File Layout, kọ ọ́ síbi tó bá wù ọ́.

Ìyẹn ni mo fi ń dáhùn ìbéèrè rẹ nípa ọ̀rọ̀ Yorùbá. Fún ti mẹ́mọ́rì, “àdàkọ nígbà àyípadà” bá a mu. Fún ti filesystem, èmi kò gba “àdàkọ” wọlé rárá. “Kíkọ síbòmíràn” ni mo ń pè é, mo sì ń pe ohun tó bí i ní “búlọ́ọ̀kù àjọni”. Ọmọ tí mo kọ́ ní ọ̀rọ̀ méjì yẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá wo filefrag lẹ́ẹ̀kan, ó sì sọ fún mi fúnra rẹ̀ ìdí tí “shared” fi kúrò lára A.