Báwo ni mo ṣe lè mú kí àwọn ọmọbìnrin wá kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé?

Ìbéèrè: Mo ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn. Ọkùnrin ni gbogbo àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ. Àwọn ọmọbìnrin tí mo gbà, ìwé ni wọ́n ń tò, kì í sì í pẹ́ tí wọ́n fi ń lọ. Báwo ni mo ṣe lè rí àwọn tí yóò wá, tí wọn yóò sì dúró?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ìwé títò yẹn gan-an ló ń lé wọn lọ. Ẹni tó bá lo ọdún méjì níbi tí wọ́n ti ń to ìwé, tí wọ́n ti ń ká a, tí wọ́n ti ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, kò lè dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó bá gba òmìnira, nítorí ìdí ẹ̀rọ ni owó iṣẹ́ wa wà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún èmi náà ní Ṣómólú. Ọ̀gá mi kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n ọdún kẹta ni mo tó mọ bí wọ́n ṣe ń de pléètì (irin pẹlẹbẹ tí ohun tí a fẹ́ tẹ̀ wà lára rẹ̀) mọ́ ẹ̀rọ, ohun tí àwọn ọkùnrin tí a jọ wọlé ti mọ̀ láàárín oṣù díẹ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn tí ẹ̀yin àti òbí rẹ̀ yóò fọwọ́ sí pé láti oṣù kìíní ni yóò ti máa dúró ti ẹ̀rọ: kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ pépà kó má baà wọlé ní méjì-méjì, bí omi àti yíǹkì ṣe ń wà ní ìwọ̀n, àti bí búlúù, pupa, yẹ́lò àti dúdú ṣe ń bọ́ sórí ara wọn géérégé. Èyí tó kẹ́yìn yìí gba ojú àti sùúrù ju agbára lọ. Ọmọbìnrin kan tí mo kọ́ níṣẹ́ máa ń fi awò kékeré wo àmì tó wà létí pépà. Bí pupa bá fi ìwọ̀n fọ́nrán irun yà kúrò lórí dúdú, á ti dá ẹ̀rọ dúró kí ìwé tó bàjẹ́ tó ogún.

Ní ti ẹrù, rímù kan, ìyẹn ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ewé pépà giramu 80 tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 64 sí 90, wúwo tó kílò 23. Ẹ̀yìn ń dun ọkùnrin tó ń gbé e náà. Ẹ ra kẹ̀kẹ́ akẹ́rù, kí wọ́n sì máa pín rímù sí mẹ́ta kí wọ́n tó gbé e sórí ẹ̀rọ.

Ọ̀pọ̀ òbí kò bẹ̀rù ẹ̀rọ, òru ni wọ́n ń bẹ̀rù. Kí gbogbo ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, máa lọ sílé ní agogo mẹ́fà. Bí ìwé ètò ìsìnkú bá dé lálẹ́ Ọjọ́rú, àwọn tí ẹ ń sanwó fún ni kó tẹ̀ ẹ́. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́ ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Mo mọ ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí èyí nìkan. Kí wọ́n di irun àti ìborùn wọn dáadáa kí rọ́là, ọ̀pá roboto tó ń yí nínú ẹ̀rọ, má baà wọ́ ọ. Ẹni tó bá sì lóyún, ẹ má ṣe jẹ́ kó fi bẹntiróòlù fọ rọ́là: ẹ gbé e sídìí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì sọ ìgbà tí yóò padà sídìí ẹ̀rọ fún un, kó má baà rò pé ẹ ti fi ọgbọ́n lé òun.

Kí ẹ tó wá ẹlòmíràn káàkiri, ẹ kọ́kọ́ bi èyí tó ń to ìwé lọ́dọ̀ yín lọ́wọ́ báyìí bóyá ó fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ. Bí òbí mìíràn bá wọlé tó bá a nídìí rẹ̀, ẹ kò ní ṣàlàyé púpọ̀ mọ́.