Alárenà ọmọ ọdún 9

"Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Gate ni mo ti ń ta páàtì mọ́tò n'Íbàdàn, ìyàwó mi ń ta aṣọ ní Gbági. Ọdún 2013 la ṣègbéyàwó. Oṣù kejì rèé tí a ò bá ara wa sọ̀rọ̀ tààrà. Mo yọ ₦300,000 fún àbúrò mi nínú owó àjọ tí a jọ ń dá láti fi ra ilẹ̀, n ò sì sọ fún ìyàwó mi. Ibi ìkómọ ló ti gbọ́ lẹ́nu ìyàwó àbúrò mi, ló bá bú mi níṣojú gbogbo ẹbí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti panu mọ́, kí ìjà má baà pọ̀. Ọmọ wa obìnrin, Tòmíwá, ọmọ ọdún 9, ló ń bá wa jíṣẹ́. Ó tiẹ̀ máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, torí ó ń fi ọ̀rọ̀ tiẹ̀ kún un. Mo ní kó lọ béèrè kọ́kọ́rọ́ géètì, mo gbọ́ ọ tó ń sọ pé, 'Mọ́mì, dádì ní ẹ kú iṣẹ́ o, wọ́n ní ẹ jọ̀ọ́, kọ́kọ́rọ́ dà?' Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ wá parí ọ̀rọ̀ náà ní Sátidé. Ṣé kí n gbà, àbí kí n dúró dìgbà tí ìyàwó mi bá kọ́kọ́ bẹ̀ mí? Èmi Bàbá Tòmíwá."

Bàbá Tòmíwá, ẹ ǹlẹ́ o. Mo ti yí orúkọ ọmọ padà, kí ará àdúgbò má baà dá yín mọ̀. Ìbéèrè méjì lẹ bi mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ni kò jẹ́ kí n tètè dé ìdí wọn. Kò pa èmi lẹ́rìn-ín.

Ẹ wo ohun tó ń ṣe. Ẹ rán an níṣẹ́ gbígbẹ, ó wò ó pé bí òun bá jẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, ojú mọ́mì òun á tún le sí i. Ló bá bá yín kí ìyàwó yín, ó tún bá yín bẹ̀ ẹ́. Bí mọ́mì rẹ̀ náà bá sì rán an sí yín, àfàìmọ̀ ni kò ní máa yọ ibi tó korò kúrò kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ọmọ tó yẹ kó máa ta tẹn-tẹn lójúde ló ń ṣírò ìbínú àgbàlagbà méjì láàárín pálọ̀ àti kíṣìnnì. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ náà bá bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, tí ẹ̀yin méjèèjì sì pariwo, ara rẹ̀ ló máa dá lẹ́bi.

Alárenà ló ń gbé ọ̀rọ̀ láàárín ọkùnrin àti obìnrin kí ojú tó mọ ojú. Bí ìyàwó bá ti mojú ọkọ tán, alárenà á yẹ̀ba. Ẹ̀yin ti lé ní ọdún 10 nínú ilé kan náà, ẹ wá padà lọ wá alárenà, ẹ ò tiẹ̀ sanwó fún un.

Torí náà, lónìí, ẹ pe Tòmíwá. Ẹ má ṣàlàyé ọ̀rọ̀ owó fún un. Ẹ kàn ní: "Láti òní lọ, èmi fúnra mi ni màá máa bá mọ́mì ẹ sọ̀rọ̀. Ìwọ kọ́ lo fa ìjà yìí, ìwọ kọ́ lo máa parí ẹ̀." Bí ẹ bá ti sọ ọ́ tán, ẹ dìde, ẹ lọ béèrè kọ́kọ́rọ́ yín fúnra yín.

Ẹ ní torí kí ìjà má baà pọ̀ lẹ fi panu mọ́. Mo gbà pé bó ṣe rí nìyẹn lọ́jọ́ ìkómọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Amẹ́ríkà, John Gottman, fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí tọkọtaya ṣe ń jiyàn ní Yunifásítì Washington. Ó so ẹ̀rọ mọ́ wọn lára láti mọ bí ọkàn wọn ṣe ń lù. Ó rí i pé bí ọkàn ènìyàn bá ti ń lù kọjá nǹkan bí ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú kan nígbà ìjà, agbára káká ló fi ń gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń sọ. Ó tún rí i pé ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń panu mọ́. Ìmọ̀ràn tiẹ̀ ni pé kí wọ́n dá ọ̀rọ̀ náà dúró, ó kéré tán fún ìṣẹ́jú 20, kí ara wọn wálẹ̀, kí wọ́n sì padà sídìí ẹ̀. Ìṣẹ́jú 20, Bàbá Tòmíwá! Ẹ̀yin ti lo oṣù méjì. Odì lẹ̀ ń yàn báyìí, ó sì lè dun ìyàwó yín ju èébú lọ, torí ẹni tí wọ́n bú ṣì lè fèsì.

Ta ló wá yẹ kó kọ́kọ́ bẹ ẹnì kejì? Ẹ̀yin ni. Mo mọ̀ pé àwọn ọkùnrin kan máa ní mo tún ti gbè sẹ́yìn obìnrin. Kí wọ́n máa wí. Ẹ̀ṣẹ̀ méjì ló wà níbẹ̀, tiyín ló sì ṣáájú. N ò rò pé ìrànlọ́wọ́ tí ẹ ṣe fún àbúrò yín ló ká a lára tó bẹ́ẹ̀. Ìyàwó wo ni kò mọ̀ pé ẹbí ọkọ ń bọ̀ wá tọrọ owó? Ohun tó dùn ún ni pé ìyàwó àbúrò yín mọ ohun tí òun ò mọ̀ nípa ilé òun, níbi tí gbogbo èèyàn ti ń wojú ẹ̀, tí àwo ìrẹsì wà lórí itan ẹ̀.

Ẹ wá àsìkò tó dáa. Kì í ṣe ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé, tí ẹsẹ̀ ń ro ó. Bí ọkọ̀ bá wà, ẹ lọ gbé e ní Gbági lọ́jọ́ kan. Nínú mọ́tò, kò sẹ́ni tó ní láti wojú ẹnì kan, ọ̀rọ̀ tó nira sì máa ń rọrùn sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi oríkì ẹ̀ pè é. Ẹ ní: "Mo yọ owó wa láìsọ fún ẹ, kò dáa. Ẹ̀rù ló bà mí pé wàá ní rárá." Bó bá jẹ́ pé ìdí míì lẹ fi fi pamọ́, ìdí yẹn gan-an ni kí ẹ sọ. Ṣùgbọ́n ẹ má fi "ìwọ náà ńkọ́?" parí ẹ̀. Èébú tó bú yín níwájú ẹbí, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé ó dùn yín. Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ míì. Bó bá fa ọ̀rọ̀ àtijọ́ yọ, tí àyà yín tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì-kì, ẹ má kàn dákẹ́. Ẹ ní kó jẹ́ kí ẹ sinmi díẹ̀, pé lẹ́yìn oúnjẹ lẹ máa parí ẹ̀. Kí ẹ sì parí ẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ lóòótọ́ o.

Ní ti ẹ̀gbọ́n yín, ẹ pè wọ́n kí Sátidé tó dé, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Kì í ṣe pé mo kórìíra kí ẹbí báni dá sí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n iwájú ẹbí yín ni ojú ti ti ìyàwó yín. Bí ẹbí kan náà bá tún wá jókòó tì í, ẹjọ́ ló máa rò pé wọ́n wá dá fún òun. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí ọ̀rọ̀ ò lójú, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ yan àgbà kan tí ẹ jọ ń bọ̀wọ̀ fún.

Àbúrò yín sì gbọ́dọ̀ dá owó yẹn padà. Bó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, kò burú. Àmọ́ kó má san án sínú àkáǹtì yín. Ìyàwó yín ni kó máa fi ránṣẹ́ sí tààrà, kí ìyàwó yín sì máa kọ ọ́ sínú ìwé àjọ.