Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́: Omi Tí A Fi Ń Po Ajílẹ̀

Láti Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o. Inú àpò ni mo gbin tòmátò sí ní ẹ̀yìnkùlé. Omi ẹ̀rọ ni mo fi ń po ajílẹ̀ NPK 15-15-15 (nitrogen, phosphorus àti potassium) fún un. Nǹkan funfun máa ń silẹ̀ sí ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ewé tuntun sì ń pọ́n rúsúrúsú, àmọ́ iṣan rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Wọ́n ní chlorine inú omi ló fà á. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì di ẹ̀bi ru chlorine. Ìwọ̀n tó máa ń wà nínú omi ẹ̀rọ kì í sábà pa tòmátò lára. Bí ẹ bá ṣí bọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, púpọ̀ nínú rẹ̀ á ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu bọ́kẹ́ẹ̀tì náà kí ẹ̀fọn má yé sí i.

Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ ń rí. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn. Inú ilẹ̀ ni wọ́n ṣe NPK oníkóró fún. Kì í yọ́ tán nínú omi. Ẹ wá ike omi méjì tó mọ́ gaara. Ẹ bu omi òjò lítà 1 sí ọ̀kan, kí ẹ bu omi ẹ̀rọ lítà 1 sí ìkejì. Ẹ fi ajílẹ̀ ṣíbí kékeré kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ mì ín dáadáa, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan. Bí méjèèjì bá ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, ajílẹ̀ ló fà á. Bí ó bá jẹ́ ti omi ẹ̀rọ nìkan, omi yín ló le, ìyẹn ni pé calcium àti magnesium pọ̀ nínú rẹ̀. Ọṣẹ kì í hó dáadáa nínú irú omi bẹ́ẹ̀, nǹkan funfun á sì máa lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tù. Òótọ́ ni pé síse lè dín líle rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n owó gáàsì á kọjá owó tòmátò.

Ti ewé ńkọ́? Irin ni igi yín kò rí jẹ. Ó lè wà nínú ilẹ̀ o, ṣùgbọ́n bí pH (ìwọ̀n kíkan; bó bá ṣe ń ga sí i ni kíkan ń dín kù) bá ti ga jù, gbòǹgbò kò ní lè fà á. Bó bá jẹ́ pé ewé ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ ń pọ́n látòkè délẹ̀, nitrogen là bá máa sọ.

Ẹ fi kóró 15-15-15 yẹn pamọ́ fún ilẹ̀, kí ẹ ra èyí tó ń yọ́ nínú omi, bíi 20-20-20. Gíráàmù 1 sí lítà 1 ló tó, ìyẹn gíráàmù 20 fún bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 20. Kí ti ọ̀dọ́ igi jẹ́ ìdajì. Omi tó ti tòrò ni kí ẹ rọra dà lò, kí ẹ fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn tí ajílẹ̀ bá ti yọ́ ni kí ẹ tó fi bébà pH wọ̀n ọ́n, torí ajílẹ̀ fúnra rẹ̀ lè fà á wálẹ̀. Láàárín 5.5 sí 6.5 la ń wá. Bó bá ga jù bẹ́ẹ̀, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ fi ṣíbí kékeré kan sí i, ẹ rò ó, ẹ dúró ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tún un wọ̀n. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lò ó tán, torí agbára ọsàn kì í pẹ́ nínú omi. Ásíìdì bátìrì? Ẹ má dán an wò! Òjé lè wà nínú rẹ̀, ẹ ó sì jẹ tòmátò náà.

Bí àpò bá gbẹ, omi lásán ni kí ẹ kọ́kọ́ bu sí i. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó fún ajílẹ̀. Bí iyọ̀ funfun bá ń yọ sórí ilẹ̀ àpò, omi lásán ni kí ẹ fi ṣan án títí á fi máa jò nísàlẹ̀. Bí ẹ bá ra ajílẹ̀ calcium nitrate, ẹ má pò ó pọ̀ mọ́ 20-20-20 nínú ike kan náà, àgàgà bó bá ki: á dì, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun yẹn á sì padà wá.

Láti ìlú Oǹdó: Omi bọ́họ̀ọ̀lù wa mọ́ bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á, àmọ́ kó tó di ìrọ̀lẹ́, á ti pọ́n. Ẹnu ẹ̀rọ tí a fi ń fín ewé sì ń dí. Ṣé kí n fi álọ́ọ̀mù sí i?

Ìdáhùn: Irin tó yọ́ sínú omi yín ló pàdé afẹ́fẹ́, ló bá dípẹtà. Ẹ jẹ́ kó dípẹtà tán kí ẹ tó lò ó: ẹ máa dà á láti bọ́kẹ́ẹ̀tì kan sí èkejì bí ìgbà 20, ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú, kí ẹ fi aṣọ ìlọ́po mẹ́rin sẹ́ ti òkè. Ẹ̀yìn èyí ni kí ẹ tó fi ajílẹ̀ sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, irin á gbá phosphorus inú rẹ̀ mú. Ohun kan náà ni álọ́ọ̀mù ń ṣe, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ rẹ ẹnu ẹ̀rọ náà sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ mọ́jú, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín fọ̀ ọ́. Ẹ má fi wáyà gún un. Ihò rẹ̀ á fẹ̀, omi á sì máa dà ṣooro.

Láti Ọbá-Ilé: Ṣé omi òjò dára ju ti ẹ̀rọ lọ?

Ìdáhùn: Ó dára fún pípo ajílẹ̀, torí kò le rárá. Àkọ́rọ̀ òjò ni kí ẹ má gbè. Eruku ọyẹ́ orí páànù ló ń fọ̀ wálẹ̀. Omi òjò kò ní calcium àti magnesium tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ajílẹ̀ yín ló gbọ́dọ̀ pèsè wọn.