Fi máṣíìnì ẹ sílẹ̀ ní Marina

Àbúrò, mo rí ohun tó o bèèrè, pé ìwọ àti ọ̀rẹ́ ẹ fẹ́ fi máṣíìnì rìn fún ọjọ́ mẹ́rin, Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́, kẹ́ ẹ wá parí ẹ̀ sí Àgbádárìgì, kẹ́ ẹ sì gbé máṣíìnì sínú ọkọ̀ ojú omi dé erékùṣù Gberefu. Ẹ lọ o, ìrìn tó dùn ni. Àmọ́ ti Gberefu yẹn, ẹni tí ejò ti bù jẹ rí ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀.

Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́ ò le. Ẹ gba Itoikin, ẹ tètè jáde láàárọ̀ kí típà oníyanrìn tó kún títì, torí iyanrìn tó ń dà sílẹ̀ ní kọ́nà, ó ń yọ máṣíìnì. Ẹ dé Oluwo, ọjà ẹja Ẹ̀pẹ́ yẹn, ẹ jẹ ẹja, ẹ sùn. Láti ibẹ̀, ẹ má rò pé ẹ máa gba Ajah wọ Èkó o. Láti 2022 ni ìjọba ti fòfin de ọ̀kadà ní Etí-Ọ̀sà, Surulere, Apapa, wọ́n tún fi Kosofe àti Mushin kún un, ẹni tó bá mú ẹ ò sì ní bi ẹ́ bóyá ìgbafẹ́ lò ń ṣe. Èmi padà sí Ìkòròdú ni, mo sanwó fún oní-pick-up, ó gbé e dé Agbara, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, kí n tó gùn ún. Owó yẹn dùn mí ṣá.

Ní Marina, etí omi Àgbádárìgì tí wọ́n ti ń wọkọ̀, èmi àti géndé mẹ́ta la gbé máṣíìnì sínú ọkọ̀ onígi, a fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀. Mi ò rántí ti ẹnu epo pa. Ká tó dé òdìkejì, epo ti ṣàn sí ìdí àwọn èèyàn, ìyá kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ lé itan ń fi Ẹ̀gùn bú mi, mi ò gbọ́ Ẹ̀gùn ṣùgbọ́n ó yé mi.

Ọ̀nà tó lọ sétí òkun, ibi tí wọ́n ń pè ní Point of No Return, iyanrìn ni. Kò pẹ́ tí táyà ẹ̀yìn fi rì, mo wá ń yíná fún un, ńṣe ló ń gbẹ́lẹ̀ bí òkété títí iyanrìn fi dé ara ṣéènì. Tó bá rì, pa á. Fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀, wọ́ iyanrìn kún ihò náà, wá gbé e dìde. Dín atẹ́gùn táyà kù, lo gíà kejì, má fọwọ́ kan búréèkì iwájú. Kó o sì mú pọ́ǹpù dání, torí táyà rírọ̀ lórí títì, túùbù ló máa bà jẹ́.

Èmi wá lọ gùn ún létí omi níbi tí iyanrìn ti le, torí fọ́tò! Ìgbì kan gbá mi dé orókún, máṣíìnì kú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ ta á kó lè ṣíná, àṣìṣe ńlá nìyẹn. Tómi bá wọ ẹ́ńjìnnì, tú púlọ́ọ̀gì ná, ìgbà yẹn ni kó o wá ta á kí omi lè tú jáde. Yẹ ọ́ìlì wò, tó bá funfun bí omi ògì, dà á nù.

Alẹ́ ọjọ́ náà ló yẹ kí n fi omi kànga fọ̀ ọ́, kí n fi kẹrosín nu ṣéènì, kí n fi ọ́ìlì pa á, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí, mo sùn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ṣéènì ti pọ́n bí epo pupa, ó ń ké dé Mowo, ọ̀sẹ̀ kejì ló já.

Ẹ sanwó fún ẹni tó máa bá yín ṣọ́ máṣíìnì ní Marina, ẹ wọkọ̀ ojú omi, ẹ fẹsẹ̀ rìn dé òkun bí àwọn àlejò tó kù. Ṣéènì mi ṣì wà nílé, òun nìyàwó mi fi ń so ilẹ̀kùn ilé adìyẹ.