Ẹ má jẹ́ kí wọ́n rọ ọ́ìlì kún dísítíríbútọ̀ Ìjàpá yín

Ẹ̀gbọ́n, mo ka ìbéèrè yín. Ẹ ní wáyà ṣípídómítà (èyí tó ń yí abẹ́rẹ́ mítà tó ń sọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó) Ìjàpá, ọkọ̀ Volkswagen tí bàbá yín fi sílẹ̀, ń han bí ẹ bá ti ń sáré, ẹ sì fẹ́ mọ ohun tí ẹ máa fi sí i, àti èyí tí ẹ máa fi sí dísítíríbútọ̀, ẹ̀yà tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì. Ẹ jẹ́ kí n ti dísítíríbútọ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo ti rí màbo.

Ẹ ṣí ìdérí rẹ̀, ẹ fa rótọ̀, èyí tó ń yí nínú rẹ̀, yọ. Ẹ ó rí òwú kíki kékeré kan lórí ọ̀pá tí rótọ̀ jókòó lé. Ẹ̀kán ọ́ìlì ẹ́ńjìnì kan tàbí méjì ló tó síbẹ̀. Gíríìsì tí kò ju orí ìṣáná lọ ni kí ẹ wá fi pa ara ọ̀pá náà níbi tí ẹsẹ̀ kọ́ńtáàtì (irin kékeré méjì tó ń pàdé tó sì ń yà láti mú iná ṣẹ́) ti ń fara kàn án. Ó parí.

Ẹni tó bá mi ṣe tèmi n'Íbàdàn ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá Volkswagen. Ó rọ ọ́ìlì sí i títí ó fi ń ṣàn, ó tún fi gíríìsì dí inú rẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni ara rẹ̀ á ṣe rọ̀. Mo kọrí sí Ìlọrin. Kí n tó dé Ògbómọ̀ṣọ́, ọkọ̀ ti ń já, ó ń jà. Bó bá ti gbóná báyìí, ó kú. Bó bá tutù díẹ̀, ó dáhùn, á tún gbé mi lọ síwájú díẹ̀, á tún kú. Oòrùn ń pa mí, tírélà ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, gbogbo ọkọ̀ ń mì.

Ẹni àkọ́kọ́ tó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò ní kọ́ìlì ni. Mo ra kọ́ìlì. Òmíràn ní káábúrétọ̀ ni, wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n fọ̀ ọ́, owó tún lọ. Rìwáyà kan wá lanu sọ pé ọkọ̀ ti darúgbó, kí n gbé e fún àwọn tó ń ra irin. Ọkọ̀ tí wọ́n tò ní Ọ̀jọ́ l'Ékòó, tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣì le koko! Àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò lójú ọ̀nà náà dé, wọn ò bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀, C-caution, àmì ìkìlọ̀ onígun mẹ́ta, ni wọ́n ń béèrè, èyí tó sì wà lẹ́yìn ọkọ̀ tí wọ́n ń wò ó. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ṣí ìdérí tí irin pẹlẹbẹ méjì péré dì mú.

Bàbá àgbàlagbà kan tó ti fi iṣẹ́ mẹkáníìkì sílẹ̀ ló ṣí i. Ó fi ìka kan inú rẹ̀, ó nà án sí mi: dúdú, ó ń yọ̀. Bí ọ̀pá yẹn ṣe ń yí ló ń ju ọ́ìlì káàkiri, ọ́ìlì bà lé kọ́ńtáàtì, iná jó o di èédú, èédú kò sì jẹ́ kí iná kọjá dáadáa mọ́. Bàbá fi aṣọ mímọ́ àti pẹtiróòlù díẹ̀ nù ún, ó dúró kó gbẹ, ó ha kọ́ńtáàtì, ó wọn àlàfo àárín rẹ̀ sí 0.4 mm. Ọkọ̀ dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹ bá ti fọwọ́ kan kọ́ńtáàtì, ẹ tún táímìnì, ìyẹn àkókò tí iná ń ṣẹ́ nínú ẹ́ńjìnì, wò, ẹ mọ ìyẹn.

Wọ́n lè ní kí ẹ ra dísítíríbútọ̀ tuntun irú tí wọ́n ń pè ní 009. Ẹ má tíì dá wọn lóhùn. Kò ní fákúùmù, èyí tó ń fi afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnì ń fà sún táímìnì síwájú. Bí káábúrétọ̀ yín bá jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní 34 PICT, bí ẹ bá tẹná, ọkọ̀ lè kọ́kọ́ rọ̀ kó tó gbà. Bí wọ́n bá sì yọ dísítíríbútọ̀, ẹ mójú tó sípíríngì kékeré tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Jíà tó wà lábẹ́ ibẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n fà á bí kò bá pọn dandan: wáṣà wà nídìí rẹ̀, bí ọ̀kan bá já sínú ẹ́ńjìnì, títú ló kù.

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ wà níbẹ̀, ẹ di páìpù idẹ tí pẹtiróòlù ń gbà wọ káábúrétọ̀ mú, ẹ mì í. Bó bá ń mì, ẹ má wa ọkọ̀ náà lọ ibì kankan. Bó bá yọ, pẹtiróòlù á máa dà sórí ẹ́ńjìnì gbígbóná, lẹ́bàá dísítíríbútọ̀ tó ń ṣẹ́ná. Ìjàpá tó ti tipa bẹ́ẹ̀ jóná kò kéré. Ẹ ra fáyà èsítíńgúíṣà, inú ọkọ̀ ni kí ẹ gbé e sí, kì í ṣe ilé.

Wáyà ṣípídómítà wá. Àárín wíìlì iwájú lọ́wọ́ òsì ló ti wọlé, pín-ìn kékeré ló dì í mú lójú ìdérí gíríìsì níbẹ̀. Ẹ yọ pín-ìn, ẹ tú òkè rẹ̀ lẹ́yìn mítà, ẹ fà á jáde. Gíríìsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kí ẹ fún un láti ìdí wíìlì. Òkè tó sún mọ́ mítà, ẹ fi í sílẹ̀ ní gbígbẹ, torí bí wáyà ṣe ń yí ló ń fa gíríìsì gòkè, bó bá wọ mítà, abẹ́rẹ́ á lẹ̀. Ẹ wo rọ́bà tó ń dènà omi lẹ́yìn wíìlì náà. Bó bá ti ya, omi ló ń jẹ wáyà yẹn, kì í ṣe àìsí gíríìsì. Bó bá ṣì ń han lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ ra wáyà tuntun kí ó tó já.