Mo ti jáde síwájú lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, síbẹ̀ ọkàn mi ò balẹ̀

Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 28 ni mí, Ìbàdàn ni mò ń gbé. Inú ìjọ Methodist ni wọ́n bí mi sí, ọmọ ìjọ Baptist sì ni àfẹ́sọ́nà mi. Ìgbàkígbà tí oníwàásù bá ti béèrè pé, "Bí o bá kú lálẹ́ òní, níbo lo máa lọ?", àyà mi á já, màá tún jáde síwájú láti gba Jésù. Ó ti di ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án báyìí. Bí mo bá jí lóru tí ilé dákẹ́ rọ́rọ́, ohun tó máa ń wá sí mi lọ́kàn ni pé ìgbàsókè ti ṣẹlẹ̀, wọ́n sì ti fi mí sílẹ̀. Màá wá pe ìyá mi lórí fóònù. Bí wọ́n bá ti gbé e, ara á tù mí, torí Jésù ò lè dé kó má mú wọn. Lóṣù tó kọjá, mo bu ₦6,000 lé owó ọkọ̀ tí mo gbà níbi iṣẹ́. Láti ìgbà yẹn ni Hébérù orí 6, tó ní ẹni tó bá ti yapa kò ṣeé mú padà wá sí ìrònúpìwàdà, ò ti jẹ́ n sùn. Àfẹ́sọ́nà mi ní ẹni tí Ọlọ́run bá ti gbà là, ó ti là náà nìyẹn. Bàbá mi ní irọ́ ni, èèyàn lè sọ ìgbàlà nù. Ta ni kí n gbà gbọ́?

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ibi tí o ti ń pe ìyá rẹ lóru yẹn ló wọ̀ mí lára jù nínú lẹ́tà rẹ. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo wà nílé ìwé girama, a ní ọ̀rẹ́ kan nínú yàrá tó gbóná nínú Olúwa. Bí mo bá jí lóru, ibùsùn rẹ̀ ni màá kọ́kọ́ wò. Bí mo bá ti rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó yọ lábẹ́ aṣọ ìbora, màá padà sùn. Nítorí náà, mo mọ irú òtútù tó máa ń wọ inú èèyàn lásìkò yẹn.

Àríyànjiyàn bàbá rẹ àti àfẹ́sọ́nà rẹ ti dàgbà ju àwọn méjèèjì lọ. Láàárín 1618 sí 1619, àwọn àgbà ìjọ pé jọ ní Dordrecht, nílẹ̀ Netherlands, lórí ọ̀rọ̀ yìí àti àwọn mìíràn tó bá a tan. Wọ́n ní ẹni tó bá jẹ́ ti Ọlọ́run, Ọlọ́run á pa á mọ́ dópin. John Wesley tí ìjọ Methodist ti ọwọ́ rẹ̀ jáde kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní onígbàgbọ́ lè kọ oore-ọ̀fẹ́ sílẹ̀ kó sì ṣègbé. Methodist dé Àgbádárìgì ní 1842, míṣọ́nnárì Baptist dé ní 1850, ọ̀rọ̀ náà sì bá wọn wọ ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Mi ò lè parí ẹjọ́ yẹn fún ọ. Ṣùgbọ́n àwọn ará Dordrecht gan-an sọ pé onígbàgbọ́ lè ṣubú sínú ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, wọ́n dárúkọ Dáfídì àti Pétérù, wọn ò sì fi ìyẹn fún ẹnikẹ́ni láyè láti máa dẹ́ṣẹ̀. Wesley náà wàásù fún àwọn apẹ̀yìndà pé wọ́n lè padà wá. Nínú méjèèjì, kò sí èyí tó sọ pé ọ̀nà ti dí mọ́ ẹni tó ń sunkún bíi tìrẹ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí obìnrin kan lọ́jà tó pọn ọmọ. Ọmọ náà ti sùn, orí rẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń mì dirodiro. Kò di nǹkan kan mú. Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ti ọmọ náà sókè lẹ́yìn, ó tú ọ̀já, ó tún un so le, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ ò kúrò lára aláta tó ń bá nájà. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ìwọ ń wo ọwọ́ ara rẹ bóyá ó dì mú dáadáa. Ọwọ́ Jésù ni Jòhánù 10:28 ń sọ, pé kò sí ẹni tó lè já àwọn àgùntàn rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Bàbá rẹ á ní ọmọ lè jà títí wọ́n á fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àbúrò mi, ìwọ kọ́ ló ń jà láti sọ̀kalẹ̀. Igbe tí ò ń ké lóru ni pé kí wọ́n má sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ẹsẹ 4 sí 6 lo dúró sí nínú Hébérù 6. Àwọn tó rẹ̀ nínú ìyà, tó kù díẹ̀ kí wọ́n kọ Kristi sílẹ̀ pátápátá, ni ìwé yẹn ń kìlọ̀ fún. Ka dé ẹsẹ 9, níbi tí ẹni tó kọ ọ́ ti pè wọ́n ní olùfẹ́, tó ní ohun tó sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ lòun gbà gbọ́ nípa wọn.

Má sì fi bó ṣe ń ṣe ọ́ lára wọn ìgbàlà. Bàbá rẹ á mọ ìtàn 24 Oṣù Karùn-ún 1738, nígbà tí ọkàn Wesley gbóná nínú ìpàdé kan ní òpópónà Aldersgate ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí a kì í sábà sọ ni pé ní 4 Oṣù Kìíní 1739, kò tíì pé oṣù mẹ́jọ, Wesley yìí kan náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kì í ṣe Kristẹni. Ìgbóná yẹn ti tutù. Ọlọ́run ò tíì fi í sílẹ̀.

Pétérù sẹ́ Jésù lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóru ọjọ́ kan, ó tún fi búra. Kó tó sẹ́ ẹ rárá ni Jésù ti sọ fún un pé òun ti gbàdúrà fún un kí ìgbàgbọ́ rẹ̀ má yẹ̀. Ó wà nínú Lúùkù 22:32. Nígbà tí wọ́n tún pàdé létí òkun, Jésù ti dáná, ẹja wà lórí ẹ̀yín iná, ó ní kí wọ́n wá jẹun. Lẹ́yìn oúnjẹ ló wá bi Pétérù pé, "Ìwọ fẹ́ràn mi bí?" Ìbéèrè yẹn ni kí o máa bi ara rẹ.

Ẹ̀yin oníwàásù tí ẹ bá ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bojú wo àwọn tó ń jáde síwájú. Bí ojú kan náà bá ń wá lọ́dọọdún, ẹ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ bá a sọ̀rọ̀. Jòhánù ní torí kí ẹ̀yin tó gbà gbọ́ lè mọ̀ pé ẹ ní ìyè àìnípẹ̀kun lòun ṣe kọ̀wé. "Kí ẹ lè mọ̀" ló sọ.

₦6,000 yẹn ńkọ́? Dá a padà. Kò sí iye ìgbà tí o lè jáde síwájú tó máa san án. Jẹ́wọ́ fún Ọlọ́run lẹ́ẹ̀kan, kí o gbà pé ó gbọ́, kí o sì lọ bá ọ̀gá rẹ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ojú á tì ọ́, ọ̀gá rẹ sì lè bínú. Sákéù, agbowó-òde inú Bíbélì, náà jẹ́jẹ̀ẹ́ ní gbangba pé òun á san tirẹ̀ padà.

Bí o bá ti ṣe gbogbo èyí tí oorun ò tún wá, tí ẹ̀rù náà ń pa dà wá ṣáá bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́, lọ rí dókítà, kí o sọ fún un bí o ṣe sọ fún mi. Àìsàn kan wà tó ń da ìrònú èèyàn láàmú, tó máa ń fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run bojú, ó sì ní ìtọ́jú. Lílọ síbẹ̀ kì í ṣe àìnígbàgbọ́.

Nígbà tí wọ́n bá tún pè yín jáde, jókòó sórí àga rẹ, kí o máa gbàdúrà fún ẹni tó ń jáde fún ìgbà àkọ́kọ́. Bí o bá sì jí lálẹ́ òní tí ilé dákẹ́, má pe ìyá rẹ. Jẹ́ kí wọ́n sùn. Pè wọ́n lọ́sàn-án Sátidé, kí ẹ jọ sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó rẹ.

Àǹtí rẹ.