Kòkòrò Mẹ́ta Nínú Ìgò

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, máa ń kó òkú kòkòrò pamọ́ sínú ìgò. Mẹ́ta wà níwájú mi báyìí. Àkọ́kọ́ dúdú, ó ní ìwo kan lórí. Èkejì jẹ́ aláwọ̀ ewé tó ń dán gbinrin, orí òdòdó ló ti mú un. Ẹ̀kẹta pupa rẹ́súrẹ́sú, iná alẹ́ ló fà á wọlé. Ọmọ yìí ní ẹbí yímíyímí ni gbogbo wọn. Mo ní irọ́ ni, wọn ò kúkú jọra. Ta ló jàre nínú wa?

ÌDÁHÙN: Ẹ má bínú, màmá, ó jọ pé ọmọ ló jàre.

Ìwo, àwọ̀ àti títóbi ni ojú wa máa ń sáré bá, àwọn náà ló sì ń tanni jẹ jù. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ìmọ̀ kòkòrò yìí, wọ́n kó yímíyímí kéékèèké kan fún mi, Onthophagus taurus. Àwọn kan ní ìwo gígùn méjì tó tẹ̀ sẹ́yìn, àwọn kan ò ní ju kókó bíńtín lọ. Mo tò wọ́n sí àpótí méjì, mo kọ orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí wọn, inú mi ń dùn. Ọ̀gá mi tú nǹkan ọkùnrin wọn wò lábẹ́ awò, ó bú sẹ́rìn-ín, ó dà wọ́n pọ̀ sójú kan. Akọ ni gbogbo wọn, irú kan náà sì ni. Èyí tó jẹun yó nígbà tó ṣì wà ní ìdin ló hu ìwo. Èyí tí oúnjẹ rẹ̀ ò tó kò rí i hù.

Nítorí náà, ẹ fi ìwo sílẹ̀ ná. Antẹ́nà ni kẹ́ ẹ wò, ohun tín-ín-rín méjì tó yọ níwájú orí. Nínú ẹbí yìí, tí irú tó wà níbẹ̀ lé ní 30,000, orí antẹ́nà pín sí pẹlẹbẹ mẹ́ta, ó lè tó méje, bí ojú ewé ìwé. Tó bá wà láàyè, á ṣí wọn bí abẹ̀bẹ̀ láti fi gbóòórùn, á tún pa wọ́n dé. Kòkòrò tí ẹnu rẹ̀ yọ bí ìwo àgbọ̀nrín ní pẹlẹbẹ tirẹ̀, àmọ́ kò lè pa wọ́n dé mọ́ra, ẹbí ọ̀tọ̀ sì ni. Ẹ má jẹ́ kójú tì yín o: Linnaeus pàápàá, onímọ̀ ará Sweden tó máa ń fún àwọn ẹ̀dá lórúkọ, kó o mọ́ àwọn Scarabaeus, ìyẹn àwùjọ yímíyímí, lọ́dún 1758.

Ó ku ojúlé tí kálukú wọn ti wá, ìyẹn ẹ̀ka inú ẹbí náà. Àwọn orúkọ tó parí sí -inae nísàlẹ̀ yìí, orúkọ ojúlé ni wọ́n. Ẹ dojú oníwo yẹn bolẹ̀, kẹ́ ẹ wo ibi tí ẹsẹ̀ àárín méjèèjì ti so mọ́ àyà. Tí wọ́n bá jìnnà síra gan-an, yímíyímí gidi ni, Scarabaeinae. Tí wọ́n bá sún mọ́ra, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Dynastinae, àwọn tí ìwo tiwọn ń jọ ti àgbáǹréré.

Fún aláwọ̀ ewé, èékánná ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni. Ẹsẹ̀ kan ní èékánná méjì. Tí ọ̀kan bá gùn, tó sì ki ju èkejì lọ, Rutelinae nìyẹn. Tí wọ́n bá dọ́gba, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ìyẹ́ líle tó bo ẹ̀yìn rẹ̀, lẹ́bàá èjìká. Bó bá kó sínú díẹ̀ níbẹ̀, Cetoniinae ni. Ihò yẹn ni ìyẹ́ ìsàlẹ̀ ń gbà jáde tó bá ń fò, láì ṣí ti òkè. Mi ò tíì rí ohun tó wù mí tó o lára kòkòrò.

Pupa yẹn? Melolonthinae ni mo fura sí, àmọ́ àwọn ojúlé mìíràn náà ń tọ iná wá, mi ò lè búra.

Bí wọ́n bá ti gan, ẹ rẹ wọ́n sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ wọn. Ìyẹ́ líle ọ̀tún ni kí ọmọ ti abẹ́rẹ́ bọ̀, kí àárín ẹ̀yìn má bàa bàjẹ́. Kó kọ ọjọ́, ibi tó ti rí i àti ohun tó bá a lórí rẹ̀ sí bébà kékeré lábẹ́ abẹ́rẹ́ náà. Kẹ́ ẹ sì ya èékánná aláwọ̀ ewé yẹn ní fọ́tò ránṣẹ́ sí mi.